Ẹ̀rọ Amúlégbóná Nílé Olóyè, ní Dubai

Ní Dubai, níbi tí oòrùn ti ń se ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, mo rí ilé kan tí wọ́n ń fi bọ́ílà mú gbóná. Olóyè tó ni ilé náà ti gbé Ṣikágò rí. Nígbà tó ń kó kúrò níbẹ̀, ó tú bọ́ílà ilé rẹ̀ àtijọ́ àti àwọn irin gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ tí ń gbé ooru rẹ̀ wọ yàrá, ó sì kó wọn sọ́kọ̀ òkun, kí àlejò lè mọ ibi tí òun ti ń bọ̀. Kí ooru náà má bàa ṣòfò, ó máa ń kọ́kọ́ tan éésì títí eyín àlejò yóò fi máa gbá ara wọn.

Éésì ni mò ń tún ṣe ní Ṣárjà. Ṣùgbọ́n mo kọ “bọ́ílà” sínú ìwé tí mo fi wáṣẹ́, nítorí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì; a ò kàn fojú rí ọ̀kan ni. Físà mi ti fẹ́ parí. Ọ̀gá mi, ará Índíà, pè mí sí ọ́fíìsì wa ní Al Taawun: bí Olóyè bá tún fẹjọ́ wa sùn, khalas, ó parí nìyẹn, kí n máa di ẹrù mi.

Ariwo ló ń da Olóyè láàmú. Bí bọ́ílà bá ti gbóná, gbà! gbà! gbà! ni pálọ̀ ń dún. Ìyàwó rẹ̀ pe àwọn aládùúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oud Metha. Wọ́n ń gbàdúrà, irin ń ṣe àmín.

Mo yẹ bọ́ílà wò. Omi inú gíláàsì tí ń fi ìwọ̀n omi rẹ̀ hàn dúró jẹ́ẹ́, ìfúnpá inú rẹ̀ ò sì ga. Mo wọ pálọ̀, mo gbé ìwọ̀n bíríkìlà lé irin: ó tẹ́jú bí orí tábìlì. Wàhálà rèé. Páìpù kan ṣoṣo ni èéfín omi ń gbà wọnú irin náà, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà padà. Bí irin ò bá dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síhà páìpù, omi á jókòó sínú rẹ̀, èéfín tuntun á sì wá kọlù ú, gbà!

“Olóyè sà, a máa fi pákó pẹlẹbẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀hún sókè, kó lè tẹ̀ síhìn-ín.”

“Kó wọ́? Nílé tèmi? Tí àwọn àna mi ń bọ̀ ní Sátidé?”

“Ariwo á dákẹ́, sà.”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ wọn gúnrégé! Ohun wíwọ́ ò sí nílé mi. Jẹ́ n pe ọ̀gá ẹ.”

Ó ti mú fóònù. Mo rántí gbogbo òfin ooru tí mo kà ní yunifásítì. Kò sí èyí tó lè tún físà ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Kò wọ́, sà. Ó ń kí yín ni. Ẹ gbé àga yín sápá ibi tí páìpù wà, gbogbo irin ilé yìí á máa tẹrí ba fún yín.”

Ó wo irin. Ó wò mí nílẹ̀. Ó tún wo irin.

“Èyí tó wà ní yàrá àlejò ńkọ́?”

“Òun náà, sà.”

“Kí lo wá ń dúró dè? Yalla!”

Mo fi pákó gbé gbogbo wọn. Nígbà tí bọ́ílà gbóná, ilé pa rọ́rọ́. Mo gbọ́ pé ní Sátidé, Olóyè ń mú àwọn àna rẹ̀ tó ń gbọ̀n kiri yàrá, ó ń fi bí irin ṣe ń kí i hàn wọ́n.

Wọ́n tún físà mi ṣe. Mo bi ọ̀gá mi pé kí ni Olóyè sọ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe sí ẹ̀rọ náà.

“Kò dárúkọ ẹ̀rọ,” ó ní. “Ó ní wọ́n kọ́ ẹ dáadáa nílé.”