Tírélà Inú Kíláàsì Inúmidùn

Inúmidùn ò fẹ́ràn Ajégúnlẹ̀, kò sì díbọ́n rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Inú yàrá kan ní Ìjọ́rà Badia ni òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ń sùn, ojú irin wà lẹ́yìn fèrèsé wọn. Ó kàwé gboyè nínú ìṣirò. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ló gbà á síṣẹ́, kò sì tíì rí ibòmíràn lọ.

Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹyọ kan tó wà ní ọ́fíìsì ti kú, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó kí àwọn òbí lè máa rí i. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níta pé àwọn ń kọ́ ọmọdé ní kóódìǹgì, ìyẹn bí a ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Inúmidùn ni wọ́n ní kó lọ wá bó ṣe máa ṣe é.

Ohun tí àwọn ọmọ náà ń rí ní Malu Road ló lò. Gbogbo wọn ló mọ bí mótò-bọ́ì ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ darí tírélà: tó bá ń gbá ara ọkọ̀ léraléra, kí dẹ́rẹ́bà máa bọ̀, tó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan gbòà, kó dúró. Inúmidùn fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó fi aṣọ di ojú ọmọ kan, ó ní ọmọ náà ni tírélà. Àwọn yòókù ń lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Tí tírélà bá máa yà, wọ́n á fi ṣíbí lu ìgò: èyí tómi kún inú rẹ̀ fún òsì, èyí tómi ò pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀tún. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ojú ọ̀nà, kí wọ́n sì to àṣẹ wọn kí wọ́n tó lu ohunkóhun. Tí tírélà bá kọlu àga, wọ́n á padà lọ wá ibi tí àṣẹ ti ṣì.

Àjọ kan wá láti Island. Wọ́n fẹ́ mú olùkọ́ kan lọ sí Abẹ́òkúta fún ẹ̀kọ́ ọdún kan, kó lè máa kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn káàkiri. Ẹni tó bá lọ kò ní padà sí Boundary mọ́. Inúmidùn rò pé bí iṣẹ́ òun bá ṣe dára tó ni wọ́n á ṣe tètè mú òun tó. Ìrònú ẹni tó gba ilé-ìwé gbọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo kíláàsì rẹ̀, Ebinimi, ọmọ dẹ́rẹ́bà kan, ni tírélà. Ó yà sósì, ó yà sọ́tùn-ún láìṣìnà. Inú Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ọ̀gá àwọn àlejò, dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Gbogbo àlejò bá a pa á. Ebinimi gbọ́ ọwọ́ tó ń dún léraléra, ó kọjá ilà, ó forí lé ẹnu ọ̀nà.

"Ebinimi, hold am!" Àwọn ọmọ yòókù ń kígbe pé kó dúró.

"Dem still dey knock! How I go take stop?" ni Ebinimi fèsì.

Ikùn Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ló dá a dúró.

"Oga, na you give am road o!" ni ọmọ kan kígbe. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, a ti rí ẹni tá à ń wá," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran wí. Inúmidùn ti ń kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. "Irú yín ò gbọdọ̀ fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ láé. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n la máa mú lọ."

Màdáàmù tó ni ilé-ìwé ò jẹ́ kó pẹ́. "Ọmọ àbúrò mi wà ní ọ́fíìsì, sà. Mirabel. Kò mọ nǹkan kan." Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi náà fẹ́ lọ," ni Inúmidùn wí.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn yín!" Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran nawọ́ sáwọn ọmọ tó dì mọ́ síkẹ́ẹ̀tì Inúmidùn. Wọ́n ya fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Mirabel lọ. Nígbà tó yá, ó pè láti Abẹ́òkúta.

"Àǹtí Inúmidùn, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ní ká kọ́ ọmọdé bí àṣẹ kan ṣe lè máa ṣẹlẹ̀ léraléra títí a ó fi dá a dúró. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

Inúmidùn lè pa fóònù. Àmọ́ Màdáàmù ti sọ fún un pé tí Mirabel bá ṣe dáadáa, àjọ náà lè mú ẹlòmíràn nílé-ìwé wọn. Ó ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ rọra sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó rọra sọ ọ́.