Iyùn Tí Zulaikha Gé ní Ọ̀yọ́

Kí àbúrò rẹ̀ tó gbé òkun sí pálọ̀, ọkàn Zulaikha ni òkun náà ti kọ́kọ́ ń gbé. Olùkọ́ bàólójì ni Zulaikha ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni ìyàwó Jàmíù tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Tákíè níbẹ̀. Nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀, ìlú etí òkun ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì ti fojú kan òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó padà wálé, ó lọ́kọ, ó bímọ, ṣùgbọ́n omi náà kò kúrò lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo fídíò lórí fóònù, ti àwọn èèyàn tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì láàárín ilé, pẹ̀lú iyùn alààyè tí ń mì lẹ́lẹ́ bí òdòdó. Ó ní òun náà yóò ṣe é.

Kì í ṣe iṣẹ́ kíá. Ẹja odò kò ṣòro, ẹni tó bá ní ike àti omi lè sìn ín. Ti òkun yàtọ̀. Omi kànga kò bá a lára mu, iyọ̀ ọbẹ̀ kò sì ṣeé lò; iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ní pàtó ni wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní. Zulaikha lọ bá ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ píọ́ wọ́tà lẹ́yìnkùlé wọn, ìyẹn gbà láti máa fa omi tó mọ́ jù lọ fún un látinú ẹ̀rọ. Wẹ́dà kan ṣe ẹsẹ̀ irin tí àpótí náà yóò dúró lé, torí omi wúwo, tábìlì pákó lásán yóò ya lábẹ́ rẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri bí ìgbì. Ó ra iná tó mọ́lẹ̀ bíi búlúù, èyí tí iyùn fi ń rí oúnjẹ jẹ bí ewé ṣe ń fi oòrùn rí tirẹ̀. Ó wá òkúta òkun oníhò wẹ́wẹ́, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń pa oró ìdọ̀tí ẹja yóò máa gbé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó wọn jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jàmíù a máa bi í bóyá ẹja náà ni yóò máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó bá yá.

Ẹni tó máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún ni Bushrah, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Ọ̀yọ́. Nùrẹ́nì, ọkọ Bushrah, ń ta símẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé, ọjà náà sì ń yá a lọ́wọ́. Bí Zulaikha bá ń ṣàlàyé iná àti iyọ̀ lórí fóònù, Bushrah a fetí sílẹ̀, a sì máa béèrè ọ̀rọ̀. Zulaikha gbà pé ìfẹ́ ọmọ ìyá ni.

Nígbà Iléyá, Zulaikha kó àwọn ọmọ lọ kí wọn ní Ọ̀yọ́. Bó ti wọ pálọ̀ báyìí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àpótí gíláàsì kan gba ògiri kan tán. Omi inú rẹ̀ ń tàn bíi ti fídíò. Ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun ń yọjú láàárín iyùn pupa àti iyùn aláwọ̀ ewé, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àwọn kan láti Èkó ni Nùrẹ́nì pè, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn àlejò yí i ká, ọ̀kan ń béèrè bóyá irú iyùn tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn nìyí.

Bushrah fà á lọ́wọ́. "Àǹtí mi, ẹ wò ó. Ṣé ó dára?"

"Ó dára púpọ̀," ni Zulaikha wí. "Kú oríire."

Ẹran Iléyá náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà, Raliat ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹja náà títí mọ́tò fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rí láàárín wọn. Nígbà tí Bushrah ra mọ́tò, Zulaikha ló kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ tó ṣàdúà. Nígbà tí wọ́n kọ́lé, ó bá wọn yọ̀ dénú. Ilé àti mọ́tò kò dùn ún, torí kò fìgbà kan pè wọ́n ní tirẹ̀. Òkun yìí ni tirẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ inú oorun rẹ̀, tó sì jí àlá rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá Bushrah sọ̀rọ̀ ẹja mọ́. Ó kó àwọn ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó to àpótí tirẹ̀, ó bu omi sí i, ó to òkúta sí i, ó sì ń dúró kí omi náà gbó, kí àwọn kòkòrò inú òkúta lè pọ̀, kí ó tó fi ohun ẹlẹ́mìí sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí adùn nínú rẹ̀ mọ́. Àpótí náà kò ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Bó bá jókòó tì í, ti Ọ̀yọ́ ló ń rí.

Kò pẹ́ ni Bushrah àti Nùrẹ́nì fẹ́ lọ ṣe Ùmúrà. Bushrah pè é pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìtọ́jú àpótí náà, ó ní kí ó ṣàánú òun, kí ó wá bá òun wò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, Zulaikha kò sì rí àwáwí kankan. Ká sọ tòótọ́, ó wù ú láti dá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé nǹkan kò lọ déédéé. Ewédò, ewé wẹ́wẹ́ tí ń hù nínú omi, ti bo gíláàsì, iyùn méjì ti ń funfun bí egungun, àwọn tó tò ó kò sì padà wá wò ó mọ́. Inú Zulaikha dùn, lẹ́yìn náà ni ojú tì í. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ń pààrọ̀ omi, ó ń fọ gíláàsì, ó dín iná kù, ó ń wọn iyọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn iyùn ti ń là padà, àpótí náà sì wá dára ju bó ti wà nígbà Iléyá lọ.

Ohun tó wá ń dùn ún nìyẹn. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pé Bushrah kú iṣẹ́. Ìyá Nùrẹ́nì tó ń bá wọn gbé, tí gbogbo wọn ń pè ní Àlhájà, a máa sọ fún wọn pé ọwọ́ ìyàwó ọmọ òun tutù, ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń yè. Zulaikha yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́wẹ̀lì lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, Bushrah pè é láti Mẹ́kà lórí fídíò, ó ní kí ó kọjú fóònù sí àwọn ẹja. Zulaikha ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ tí Bushrah ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ lọ pé, "Ẹ wo iyùn mi. Èmi fúnra mi ni mò ń tọ́jú wọn." Omi àpótí ṣì ń kán látọwọ́ Zulaikha lákòókò náà.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ padà sílé, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Bushrah dé, nígbà tí Àlhájà wọlé lọ kírun Alásárì, Zulaikha mú ọ̀bẹ ìdáná. Iyùn kan wà lẹ́yìn òkúta, tó rí bí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò jọ. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti kà á pé májèlé wà nínú irú èyí, pé ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì bo ojú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìrun kì í sì pẹ́ títí. Ó ki ọwọ́ lásán bọ inú omi, ó ṣán òkúta náà. Ọ̀bẹ yẹ̀, ó bù ú ní ìka, oje iyùn náà sì ta sí i lójú àti lẹ́nu. Ó nu ojú, ó fọ ọwọ́, ó sọ ohun tó gé sínú kúlà oúnjẹ pẹ̀lú omi iyọ̀. Àlhájà jáde, ó ṣàdúà fún un, ó sì di ọsàn sí ọ̀rá fún un pé kí ó mú un fún àwọn ọmọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni ètè rẹ̀ ti kú. Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò bí ìgbà tí èèyàn lá irin. Ó dé ilé, ó kọ́kọ́ gbé iyùn náà sínú àpótí rẹ̀ kí ó tó jókòó. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbọ́. Òtútù mú un, àyà rẹ̀ wúwo. Jàmíù gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà wọ́n, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéọlá, bi í ní ohun tó jẹ àti ohun tó fọwọ́ kàn. Zulaikha ní ẹ̀wà ni òun jẹ. Dókítà wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó wo ìka rẹ̀ tó ti wú, ó tún béèrè. Jàmíù ní láti Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é níbẹ̀ tí òun mọ̀. Zulaikha wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n àyà tó ń wúwo náà kò dúró de ìtìjú.

"Dókítà, mo jí iyùn àbúrò mi gé," ló wí. "Májèlé wà nínú rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yìí ló gbà wọlé."

Adéọlá kò bá a wí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n wádìí ohun náà, wọ́n sì sọ fún Jàmíù pé kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró rẹ̀. Wọn yóò máa ti ara rẹ̀ lẹ́yìn títí oró náà yóò fi rọlẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà. Jàmíù fa àga, ó jókòó tì í. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ó yè.

Bushrah dé láti Mẹ́kà, ó gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n òun kò yá, ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú dàbínù àti omi Sámúsámù. Jàmíù kò sọ nǹkan kan fún un. Ó ní ẹni tó ṣe é ni yóò sọ ọ́. Zulaikha sọ gbogbo rẹ̀, àti ti ọ̀bẹ, àti ti ọsàn Àlhájà.

"Ká ní ẹ béèrè ni, odindi òkúta yẹn ni ǹ bá fún yín," ni Bushrah wí.

"Mo mọ̀," ni Zulaikha wí. "Ìdí tí n kò fi béèrè nìyẹn."

Bushrah gbé dàbínù sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ owú jẹ. Bàbá wa kì í pe orúkọ mi láìfi tiyín ṣáájú. Wọn a ní Zulaikha ló mọ̀wé, Zulaikha ni kí ẹ bi. Bí ẹ bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹja yìí, n kì í mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Mo fẹ́ kí ẹ wọ ilé mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀yin náà má rí nǹkan sọ."

"N kò sì rí nǹkan sọ."

"Mo rí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà."

Wọn kò dì mọ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì sunkún. Bushrah lọ wo iyùn náà nínú àpótí kékeré. Ó ti là, ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí ó wà níbẹ̀.

Ní báyìí, Zulaikha ló ń lọ bá wọn tọ́jú àpótí Ọ̀yọ́, Bushrah sì ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń ṣe é. Àpótí Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn, ìbọ̀wọ́ Zulaikha sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìlara ti tán láàárín àwọn méjèèjì kò sọ òtítọ́. Nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá, Bushrah wá kí wọn, ó dúró pẹ́ níwájú àpótí kékeré náà, ó wá béèrè ohun tí ẹja wọ̀nyí ń jẹ tí àwọ̀ wọn fi yọ ju tòun lọ. Zulaikha ní oúnjẹ kan náà ni. Ó rí i tí ojú àbúrò rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó yára wọ ilé ìdáná lọ bu ìrẹsì, ẹ̀rín sì kọ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi bu abọ́ gbogbo wọn tán.