Àgádágodo Tí Mo Fi Pamọ́ Sẹ́yìn

Ojú ń tì mí láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ẹ̀rọ omi ilé wa kan wà níta fẹ́ǹsì ní Ikate níbí. Látìgbà tí katapílà ti wó àwọn ilé etí omi, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n lé jáde ń sùn, lábẹ́ tapólì. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń fọṣọ, ariwo ò dáwọ́ dúró. Ó sú mi jàre! Lónìí, mo mú àgádágodo, mo ní màá ti ẹ̀rọ yẹn pa.

Kí n tó débẹ̀, màmá àgbà kan ti dìde, wọ́n fi ìró wọn nu àpótí kan fún mi.

"Ẹ káàbọ̀ o, àǹtí. Ẹ jókòó. Ẹ wá jẹun."

Gàrí ni wọ́n ń mu. Wọ́n kígbe sí àwọn yòókù: "Ẹ wá o! Onílé wá kí wa!"

Màmá rò pé mo wá bá wọn kẹ́dùn ni!

Mo yára fi àgádágodo pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á pèsè."

"Àmín. Látọjọ́ tí wọ́n ti wólé wa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá kí wa. Ilé tiyín ò ní wó."

Mo ṣe àmín.

Mo ti wọlé báyìí, mò ń gbọ́ omi tó ń dà níta. Mo fẹ́ padà lọ kí wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè mú dání tí á fi dà bíi pé òótọ́ ni mo wá kí wọn lákọ̀ọ́kọ́?