Jímọ̀ Mẹ́fà Lọ́dọ̀ Àwọn Ọ̀mùtí

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Changli, tí èmi jókòó sẹ́yìn abọ́ tánganran mi ní ọjà Tamale, tí mò ń jẹ kànáfùrù kí òórùn ọtí ẹnu mi má baà tú mi fó. Ogun òyìnbó ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tíì dé. Mo ka ara mi sí èèyàn gidi nígbà náà. Mo ní ọtí inú ìgò òyìnbó ni Ọlọ́run kọ̀. Pítò tí àwọn obìnrin abúlé Dungu ń fi ọkà bàbà pọn, oúnjẹ ni. Bí mo bá sì jẹ igbá márùn-ún oúnjẹ yìí tán, alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní láti dì mí mú kí n má ṣubú lu ọjà mi. Òmùgọ̀ gbáà ni mí, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tí ẹwù rẹ̀ funfun ni.

Bàbá ìyàwó mi, oníṣòwò aṣọ ará Ìlọrin, kò bá mi jà. Ó ránṣẹ́ pé àwọn kan ń jókòó lọ́dọ̀ Alfa ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àjèjì, ní gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì nítorí ọtí. Kí n lọ bá wọn. Bí mo bá ṣe Jímọ̀ mẹ́fà láì mu ún, òun á dá ìyàwó mi padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Mo lọ, mo sì kẹ́gàn wọn kí n tó bọ́ bàtà. Alápatà ọjà wa wà níbẹ̀. Télọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè gbé aṣọ tuntun fún un. Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ni mo wí nínú mi. Èmi ni mo pè ní àgùntàn. Kò sí ìwàásù. Oníkálukú á sọ ohun tó mu láti Jímọ̀ tó kọjá, àwọn yòókù á ní, “Ọlọ́run á mú un rọrùn.” Ẹni tí kò mu á sún sókè lórí ẹní sọ́dọ̀ Alfa. Ẹni tó mu á padà sẹ́nu ọ̀nà, nídìí bàtà, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Sójà àtijọ́ kan, tó bá òyìnbó jagun ní Kamẹrúùnù, ti lo ju ọdún kan lọ nídìí bàtà. “Mo mu ún l'Álàmísì,” á wí bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Kò sẹ́ni tí mo kórìíra tó o. Ṣé kò lẹ́nu tó fi lè parọ́ ni?

Èmi lẹ́nu. Jímọ̀ márùn-ún ni mo fi parọ́, mo sún títí mo fi fara ti tìmùtìmù Alfa, mo tilẹ̀ ń kọ́ télọ̀ ní sùúrù. Ní Jímọ̀ kẹfà, bàbá ìyàwó mi wá jókòó. Lọ́jọ́ Àtàláátà yẹn, èmi àti Sójà ti pàdé ní Dungu, a sì jọ mu ún. Ẹ̀rù kò bà mí. Kí Àtàláátà náà tó dé, Sójà ti ṣe Jímọ̀ mẹ́ta láì mu ún, ó ti kúrò nídìí bàtà. Mo rò pé ó ti gbọ́n.

“Kò kan ẹnu mi, Alihamudulilai,” ni mo wí.

Bàbá wo yíká. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń jókòó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Alápatà ń fa koríko ẹní. Télọ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Sójà wí. “Wàláì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ mu ún ní Dungu, l'Átàláátà.” Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ lu ilẹ̀, ó wò mí. “Málàmù, zo, wá jókòó. Àyè wà.”

Bàbá wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo ṣépè fún Sójà títí mo fi délé. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, tèmi kò sì tó oṣù méjì. Nítorí mi ò fẹ́ kọ ìyàwó mi sílẹ̀, mo padà, mo jókòó ti Sójà pẹ̀lú ìbínú, mo ní, “Mo mu ún lánàá àti lọ́jọ́ Àlàrùba.” Ọlọ́run á mú un rọrùn, ni wọ́n wí. Wọn kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí ó yà lẹ́nu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá tún wá. Mo ti mu igbá méjì níṣojú Sójà lánàá ọjọ́ náà. Òógùn bò mí, ojú tì mí dé ẹsẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí Sójà. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Igbá méjì ni.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. “Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì gbà yín gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọtí,” ló wí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. “Ẹnu yín tí kò parọ́ mọ́ nìkan ni àwọn gbà gbọ́.”

Lẹ́yìn ọdún méjì sí i ni mo tó fi ọtí sílẹ̀. Mo ti darúgbó báyìí, mo sì ń rí àwọn afínjú tí ń jẹ kànáfùrù lọ kírun. Mi ò lè bọ̀wọ̀ fún wọn. Sójà ti kú tipẹ́. Kò fi ọtí sílẹ̀ títí ó fi kú, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí a máa wúkọ́ sí èèyàn lára. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà nílé mi, àwọn ọmọ tó bí fún mi ti bímọ, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo fi ń bú ara mi nìyẹn, ọtí kọ́.