Ológbò fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kò Gba Ológbò

Ìyàwó mi fẹ́ràn ológbò láti kékeré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà wọ́n. Bí ọ̀kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ á wú, àyà rẹ̀ á sì há. Alẹ́jì ni dókítà pè é. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wa kó lọ tán, tí ilé dákẹ́, kò sí ohun tó tún ń wù ú ju ológbò lọ.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Hanoukopé, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá tipẹ́, tí ó ń sin ológbò fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì rò pé irun ológbò ló ń dà wọ́n láàmú. Obìnrin náà ní kì í ṣe irun, itọ́ tí ológbò fi ń lá ara rẹ̀ ni. Kò sí ológbò tí itọ́ tirẹ̀ kì í ṣeni rárá, ṣùgbọ́n akọ tí ìpalára tirẹ̀ kéré ni ó ń mú pọ̀ mọ́ abo tí tirẹ̀ kéré, láti ìran dé ìran. Imú ara rẹ̀ ló fi ń dán wọn wò, nítorí ara òun náà kò gba ológbò. Ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ọ́ sí: ta ni bàbá, ta ni ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó ni òun sín. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́ mi níjọ́ náà lọ́hùn-ún, n kò rántí ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ta ológbò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń fi aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ológbò, kí ẹni tó fẹ́ rà á fi aṣọ náà sórí ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Funfun kan ni ìyàwó mi yàn. Nígbà tí obìnrin náà wá gbọ́ àbọ̀, ìyàwó mi ní kò sí ohun tó ṣe òun. Irọ́ ni. Ó ti sín títí, ó sì ti bẹ̀ mí kí n má sọ. Obìnrin náà gbé aṣọ náà lé e lórí itan, ó jókòó, ó ń béèrè nípa àwọn ọmọ àti ọjà Adewui. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó mú aṣọ rẹ̀.

"Màmá, ohùn yín ti yí padà. N kò ní fún yín."

"Tàǹtí, èmi ni mo ni imú mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni imú, màmá. Èmi ni mo ni ológbò."

Ìyàwó mi bínú sí i fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí abo kan tún bímọ, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ wá, ọ̀kan fún ọmọ ológbò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta mú ìyàwó mi sín. Ìkẹrin kò ṣe é ní nǹkan kan. Obìnrin náà tún ní kó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Ọ̀sán ọjọ́ tó gbé ológbò náà wá, ìyàwó mi gbé e lé àyà, ó sì sùn lọ lórí àga. Obìnrin náà kò lọ. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò. Ó tó wákàtí kan kó tó mi orí sí mi pé ó dára.

Ìgbà náà ni mo tó jókòó.