Bọ̀wálé Lóṣòó Ti Kọ̀ǹpútà

Ọmọ Iléṣà ni Bọ̀wálé ọkọ mi, aṣọ ni àwọn baba rẹ̀ ń tà kiri. Bí ẹni tó ra aṣọ wọn láwìn bá ń yẹ̀ wọ́n, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde títí yóò fi dá wọn lóhùn. Ìwà yẹn kò tíì kúrò lára ọkọ mi. Èmi Raliat, ọmọ Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, ni mo fẹ́ ẹ, ojú mi sì ń rí nǹkan.

Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé kò gbà á mọ́. Á to ṣíbí mi, á tún un tò. Ìgbà tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Jáfà, èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́, kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ara tó tu gbogbo wa. Ó kọ eré ìṣirò fáwọn ọmọdé. Màdáámù Phebe, ọ̀gá iléèwé kan ládùúgbò wa, ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án Sátidé. Bó bá ṣiṣẹ́, ọkọ mi ni yóò kọ́ àwọn ọmọ lásìkò họlidé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí débi pé kò lè jẹun.

Àárọ̀ Sátidé náà gan-an ni kọ̀ǹpútà tuntun tí ọmọ wa rà fún un, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó eré náà sí, kọ̀ jálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, eré kò ṣí. Ọkọ mi bá gbé e sórí àpótí, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Òṣó ni màá ló! N ò dìde!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí mi. "Bàbá Bólúwatifẹ́, ṣé ó ra aṣọ lọ́wọ́ yín ni?"

Nígbà tó yá, ó pariwo: "Ràlíà, orúnkún mi há o! Má fà mí! Jókòó, bá mi tẹ nǹkan."

Ó ní kí n ṣí ojú ìwé dúdú kan tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí n bèèrè irú Jáfà tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ìdáhùn jáde. "Ṣé o rí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta níbẹ̀?"

"N ò rí i o."

"Ha! Jáfà àtijọ́ ni!" Bíìtì ni wọ́n fi ń wọn agbára irú nǹkan wọ̀nyí: ẹ̀rọ tuntun àti ohun tó fi ń kọ ètò, tí eré náà ń gbà ṣí, bíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta làwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n inú fíláàṣì tó ti ń tọ́jú láti ọ́fíìsì ló ti mú Jáfà, ti bíìtì méjìlélọ́gbọ̀n sì ni. Wọn ò lè bára wọn ṣe. Ìjẹ̀ṣà ni, kì í sọ ohun tí kò bá tíì bàjẹ́ nù!

Mo fà á dìde, àwa méjèèjì ṣubú sórí ẹní, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó yọ ti àtijọ́ kúrò, ó fi dátà fóònù mi gba èyí tó yẹ. Màdáámù ti ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí eré náà ṣí gbàgà! Màdáámù dáhùn ìbéèrè kìíní, ó ṣì í. Kọ̀ǹpútà ní kó tún gbìyànjú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, tíṣà."

Ọkọ mi dúró gbagidi. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, "Bàbá" lásán ni gbogbo ayé ń pè é. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ tún un pè."

"Tíṣà."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi níwájú àlejò, tí mo ní: "Ẹ káàsán, tíṣà."