Àdúrà Ni Wọ́n Ní Kí N Gbà

Ọmọ àbúrò ọkọ mi lè ka èyí. Kó kà á.

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé mi láti Èkìtì wá sí Jos láti kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ni mo ti ń wọn òjò. Láràárọ̀, màá wo agolo ìwọ̀n òjò tó wà lẹ́yìnkùlé mi ní Tudun Wada, màá kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi lọ sókè òkun, mi ò ṣíwọ́.

Nígbà tí òjò ò ṣeé fọkàn tán mọ́, tí ọ̀dùnkún ń jẹrà mọ́ àwọn àgbẹ̀ Gyel nítòsí Jos lọ́wọ́, ọmọ àbúrò ọkọ mi yìí dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi fóònù sọ fún àgbẹ̀ ìgbà tó yẹ kó gbìn. Ó wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ mi.

"Màmá, don Allah, ẹ yá mi láwọn ìwé òjò yẹn. Àwọn tó fẹ́ fún wa lówó ìbẹ̀rẹ̀ ń béèrè ẹ̀rí."

"Orúkọ ta ló máa wà lára ẹ̀?"

"Haba, Màmá! Tiyín mà ni!"

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, mi ò kì í béèrè ìwé àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe ìran wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé pẹ̀lú àwọn olùdókòwò, nítòsí Tina Junction, mo kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, mo mú un dání. Ọmọ náà ní, "Ká tó bẹ̀rẹ̀, Màmá wa á gbàdúrà." Mo gbà á. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n fa àga fún mi. Ó wá gbé àkọsílẹ̀ òjò mi sára ògiri, ọdún lẹ́yìn ọdún.

Obìnrin kan nínú àwọn àlejò béèrè pé, "Ta ló wọn èyí?"

"Ikọ̀ wa ni."

Mo ṣí ìwé tí mo mú dání. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ súre fọ́mọ ní gbangba tán, kí n tún dìde pè é ní òpùrọ́? Mo jókòó síbẹ̀. Wọ́n rówó gbà.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí. "Màmá, àwọn olówó tuntun ń bọ̀ o! Àdúrà yín ló ṣiṣẹ́ níjọ́sí, wallahi."

"Ikọ̀ yín tó wọn òjò, kí wọ́n gba àdúrà náà."

Ó pa fóònù. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ tó máa ń yà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò yà mọ́. Àwọn tá a jọ dé Jos ti kú tán. Rédíò ni mo ń bá jiyàn báyìí.